Omi Ìkòkò Tí Bàbá Wolé-wolé Dà Nù

Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà mi ti kú ni àwọn èèyàn ti ń wọlé tọ̀ wá wá ní Ìlọrà, tí wọ́n ń sọ pé Bàbá ti lọ sinmi. Mo ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á dá yín sí," ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ìbéèrè mi ni pé: ìsinmi wo? Ẹni tí kò sinmi fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tí kò sì jẹ́ kí ará ilé tàbí ará àdúgbò sinmi, ṣé ọ̀run ló fẹ́ lọ jókòó jẹ́ẹ́ sí? Bí mo bá mọ Bàbá dáadáa, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n sì ti rí ohun kan níbẹ̀ tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Mo fẹ́ràn wọn o. Ẹ jẹ́ kí n tètè wí bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí lè má jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ràn èèyàn. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ìrántí ṣókí sínú ìwé ètò ìsìnkú. Mo kọ ọ́. Wọ́n yọ ìdajì rẹ̀ kúrò, wọ́n fi "onísùúrù" àti "ẹni àlàáfíà" dípò. Èyí tí mò ń kọ yìí, kò sẹ́ni tó máa yọ nǹkan kan nínú rẹ̀.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni Bàbá ṣe fún káńsù títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn àgbà kò tíì gbàgbé iṣẹ́ náà. Ọkùnrin kan á dé láàárọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ṣòkòtò kákí rẹ̀ á gan bí pátákó, ìwé ńlá á wà lábíyá rẹ̀. Kò ní dúró kí ẹ sọ pé kó wọlé. Á ṣí ìdérí ìkòkò omi yín, á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, bó bá sì rí tanwíjí, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi, ọ̀rọ̀ di ti kóòtù nìyẹn. Iṣẹ́ yìí ló di orúkọ Bàbá. Láti Ìlọrà dé Fìdítì, Bàbá Wolé-wolé ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, káńsù gba kẹ̀kẹ́, káńsù gba ìwé, ṣùgbọ́n owó Bàbá ni wọ́n fi ra tọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹni tó bá ti sun ilé wọn rí ló lè mọ ohun tí ojú wa rí. Bí o bá fẹ́ bu omi mu, wọ́n á gba ife lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á gbóòórùn inú rẹ̀, wọ́n á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n á ní kí o lọ fọ̀ ọ́. O ti fọ̀ ọ́. Ojú wọn lo ṣe fọ̀ ọ́. O ní láti tún un fọ̀ ni. Bí o bá kùn, wọ́n á ní, "Ẹnu rẹ ni mò ń gbà là, kì í ṣe ife."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ èmi àti ọkọ mi di òótọ́, Bàbá ní àwọn fẹ́ lọ mọ ilé tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ àwọn lọ. A gbéra lọ sí Fìdítì. Àwọn àna mi ti gbálẹ̀, wọ́n ti tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, wọ́n gbé mínírà tútù síwájú wa. Bàbá kò fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní, "Ṣáláńgá yín dà?" Ìyá ọkọ mi rò pé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n sáré mú wọn lọ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n dúró láàárín pálọ̀, wọ́n sì ka ẹ̀sùn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ìdérí rẹ̀ kò bò dáadáa, eṣinṣin ń wọ̀ ọ́, ó tún sún mọ́ kànga jù. Ilẹ̀ ni mò ń wò, bóyá yóò lanu kí n kó sí i. Mo sunkún láti Fìdítì dé Ìlọrà. Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọdún yẹn náà ni àwọn àna mi dí ṣáláńgá ọ̀hún pa, tí wọ́n gbẹ́ òmíràn. Títí dòní, bí ìyá ọkọ mi bá fẹ́ bá mi wí, wọ́n á ní, "Ọmọ Wolé-wolé, ṣé ìwọ náà fẹ́ rí ẹ̀yìnkùlé?" Nínú mọ́tò lọ́jọ́ náà, Bàbá wo omijé mi, ó yà wọ́n lẹ́nu gidi. Wọ́n ní, "Iwájú ilé ni ti àlejò, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn ilé ni ìwà wà."

Ìjà kan wà tí ó fi ọdún kan jù mí lọ. Ìyá àti bàbá kan náà ló bí Bàbá àti àbúrò wọn obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Akinmọ̀ọ́rín, nítorí Akinmọ̀ọ́rín ni wọ́n lọ́kọ sí. Ọ̀kadà kì í pẹ́ kó tó gbé èèyàn láti Ìlọrà débẹ̀. Síbẹ̀, n kò rí Ìyá Akinmọ̀ọ́rín nínú ilé Bàbá rí. Lọ́jọ́ tí a sìnkú ìyàwó Bàbá, etí sàréè ni wọ́n dúró sí, wọ́n ju iyẹ̀pẹ̀ sí i, wọ́n sì padà lọ láì wọlé.

Ohun tí wọ́n sọ fún àwa ọmọ ni pé Bàbá àti ọ̀gá wọn lọ yẹ ilé wò ní Akinmọ̀ọ́rín, wọ́n bá ìkòkò omi ẹlẹ́gbin ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá Akinmọ̀ọ́rín, Bàbá sì kọ orúkọ àbúrò wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe máa kọ orúkọ ẹlòmíràn. Ìyá Akinmọ̀ọ́rín dúró ní kóòtù níṣojú àwọn ẹbí ọkọ wọn. Láti ọjọ́ náà, nínú agbo ilé ọkọ, orúkọ wọn di Ìyàwó Onítanwíjí. Àwọn orogún fi kọrin. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú Bàbá, gbólóhùn kan ni ìdáhùn wọn. Bàbá tó bí mi fi gbólóhùn náà tọ́ wa dàgbà, àwa náà fi í yangàn níléèwé: "Ìwé òfin kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò."

Àǹtí Mojí, ọmọ Bàbá tó kéré jù, ló mú ọ̀rọ̀ Sípéènì wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n dúró sí abúlé rẹ̀ lórí òkè, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn arúgbó ibẹ̀ láti ilé dé ilé. Wọ́n ní kí Bàbá wá fi oṣù kan ààbọ̀ gba afẹ́fẹ́ tútù. Àwọn ẹbí wo ara wọn lójú, wọ́n sì wo èmi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ ní Awẹ́ nígbà náà ni. Wọ́n ní, "Ìwọ lọ́wọ́ rẹ dilẹ̀." Inú ọkọ mi dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló bá mi di ẹrù. Ó ní fún oṣù kan ààbọ̀, kò sẹ́ni tó máa wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò òun.

Kí ni kí n sọ nípa ọ̀nà? Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n bá ike oògùn apakòkòrò nínú àpò Bàbá, wọ́n gbà á, Bàbá sì bá wọn ṣàròyé títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Nínú bàálù, wọ́n lọ yẹ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n sì wá ròyìn fún obìnrin tó ń gbé oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì ńlá gbé wa, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì kékeré, tó ń yí bírí bírí gun òkè títí èébì fi gbé mi. Bàbá mú ọ̀rá jáde láti àpò wọn kí n tó lanu. Wọ́n ti mú un dání láti Ìlọrà.

Abúlé náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ilé olókùúta fara ti ara wọn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè bí ewúrẹ́ tí òjò ń pa. Ojú ọ̀nà kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì kọjá lọ. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, ológbò kan ré kọjá, ó parí. Ilé tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àgádágodo; ilé tó wà lọ́wọ́ òsì, àgádágodo. Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ìwọ̀nba arúgbó ló kù. Bàbá dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ṣí fìlà.

"Mojí, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Bó ṣe máa ń rí nìyí."

"Lọ́sàn-án gangan?"

Fún ọjọ́ mẹ́rin, ìyà jẹ Bàbá níbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n wá ẹ̀gbin títí. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú gọ́tà, kò sí nǹkan kan. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀rọ omi tó wà láàárín abúlé, níbi tí omi òkè ti ń dà sínú agbada olókùúta látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Omi náà mọ́ lóló, ó tutù bí yìnyín. Inú bí wọn. Wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó bá jókòó sí ẹnu ọ̀nà: "Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú atẹ́gùn o!" Àwọn yẹn á sì fi èdè tiwọn dáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ kò wù wọ́n, oorun kò kùn wọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Wọn kò nílò mi níhìn-ín, Àbẹ̀kẹ́. Ìlú tí kò nílò èèyàn, kí lèèyàn ń ṣe níbẹ̀?"

Lọ́jọ́ karùn-ún, Àǹtí Mojí ti lọ síbi iṣẹ́. Mo wà ní balùwẹ̀, nítorí omi gbígbóná ibẹ̀ nìkan ni mo rí gbádùn nínú gbogbo ìrìnàjò náà. Nígbà tí mo jáde, Bàbá kò sí nínú ilé. Mo gbọ́ ìró omi níta. Mo sáré jáde.

Lábẹ́ òjìji ilé tó tẹ̀lé tiwa, ìkòkò amọ̀ ńlá méjì máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi pátákó bò. Bàbá ti dojú méjèèjì délẹ̀. Omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tó ń fófòó, ń ṣàn lọ sínú gọ́tà, àwọn èso kéékèèké aláwọ̀ ewé sì ń yí gbirigbiri tẹ̀lé e lọ sísàlẹ̀ òpópónà. Bàbá ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n ń fi ọṣẹ ìfọbọ́ Àǹtí Mojí fọ inú ìkòkò. Ojú wọn ń dán. Láti ìgbà tí a ti dé, n kò tíì rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kò lè ṣe kó má sí! Wá wo nǹkan, Àbẹ̀kẹ́. Wá gbóòórùn rẹ̀. Ó ti rà!"

Mo ní, "Bàbá, ti ta ni?"

Ẹni tó ni ín ló ń gòkè bọ̀ yẹn. Ìyá arúgbó kan ni, ó kéré, ó tẹ̀, aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Remedios lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu Bàbá kò gba orúkọ náà, Ìyá Rẹ̀mí ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìdí mọ́tò búrẹ́dì tó máa ń gòkè wá láràárọ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n rí ìkòkò, wọ́n rí gọ́tà, búrẹ́dì bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì lérí, wọ́n figbe ta. Èèyàn kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí igbe náà ń wí.

Ẹ̀yin rò pé Bàbá á wá dákẹ́? Wọ́n nà ró, wọ́n fi ohùn káńsù bẹ̀rẹ̀ sí í bá obìnrin náà wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń ka àìsàn tó wà nínú omi ìdọ̀tí fún un, wọ́n ń ju ìka síwá sẹ́yìn. Mo dì wọ́n lápá mú, wọ́n já ọwọ́ mi dànù. Mo fi fóònù pe Àǹtí Mojí. Wọ́n sáré dé pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ wọn lára. Wọ́n wolẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa èso náà nínú gọ́tà bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

"Bàbá, kí lẹ ṣe yìí? Èso ólífì ni. Ó korò bí jogbo bí wọn ò bá rẹ ẹ́ sómi. Gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ náà ni."

Bàbá gbé ọṣẹ sílẹ̀.

"Ẹ̀gẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ láfún! Ó gbọ́dọ̀ hó, ó gbọ́dọ̀ rùn díẹ̀. Ti ọdún yìí látòkè délẹ̀ lẹ dà nù yẹn, tí wọ́n fẹ́ kó fún àwọn ọmọ wọn."

N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ojú Bàbá. Ó kàn wó ni. Wọ́n wo gọ́tà, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn tó kún fún fòómù ọṣẹ. Lẹ́yìn náà, wọ́n bi Àǹtí Mojí pé ọmọ ọdún mélòó ni ìyá yìí. Àǹtí Mojí ní Ìyá Rẹ̀mí fi ọdún mẹ́ta ju Bàbá lọ. Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta tútù, àyà, ikùn, gbogbo rẹ̀, níwájú obìnrin tí kò mọ ohun tí ìdọ̀bálẹ̀ jẹ́.

Láyé mi, n kò rí Bàbá kí wọ́n tọrọ àforíjì rí. Èyí tí mo wá rí, ariwo ló dà. Ìyá Rẹ̀mí rò pé wọ́n ṣubú ni, pé ọkàn wọn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n gbàgbé ólífì, wọ́n ń lọgun. Àwọn ilẹ̀kùn tí mo rò pé kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wọn ṣí. Bàbá arúgbó kan gbé àga wá, òmíràn gbé kúbùsù, ẹnì kan ti pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Àǹtí Mojí ń ṣàlàyé, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ dìde, wọ́n rò pé ẹ ti kú!" Bàbá ní àwọn kò ní í dìde àfi bí ìyá náà bá dáhùn. Wọ́n wà nílẹ̀ títí ọkọ̀ náà fi gùnkè dé. Dókítà fi nǹkan di apá wọn, ó wo ìfúnpá wọn, ara wọn le koko. Kí n tó mọ̀, Bàbá ti ń yọjú wo ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀ náà, bóyá eruku wà níbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí sọ̀rọ̀ kúkúrú. Àǹtí Mojí tú u: "Wọ́n ní igi ṣì wà, èso ṣì wà lórí rẹ̀. Kí ẹni tó da tàwọn nù wá bá àwọn ká òmíràn lọ́la."

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi ká a. Mo wí pé "a", nítorí ta ló máa di àkàbà mú? Oko náà wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ó dà bí àtẹ̀gùn, òkúta ni wọ́n fi gbé e ró ní ìpele ìpele. Òtútù ń já wa ní ìka jẹ. Ìyá Rẹ̀mí á fi ọ̀pá na ẹ̀ka, èso á já sórí aṣọ tí a tẹ́ sílẹ̀, Bàbá á máa ṣà á. Bí wọn kò bá ṣà á dáadáa, Ìyá Rẹ̀mí á fi ọ̀pá náà gbá wọn lọ́wọ́ pẹ́rẹ́. Bàbá gbà. Mo dúró kí wọ́n jà, wọn kò jà.

Ní bí ọjọ́ kẹfà, a jókòó jẹ búrẹ́dì. Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe wọ́n gan-an, nítorí ìdákẹ́jẹ́ wọn ti ń bà mí lẹ́rù ju ariwo wọn lọ. Wọ́n ní:

"Ẹ̀gẹ́ ló wà nínú ìkòkò Àṣàkẹ́."

Àṣàkẹ́ ni oríkì Ìyá Akinmọ̀ọ́rín. Kò yé mi. Mo ní, "Ìkòkò wo?"

"Èyí tí mo torí rẹ̀ gbé e lọ kóòtù. Kì í ṣe omi mímu. Ẹ̀gẹ́ ló rẹ sínú rẹ̀ fún láfún. Ọ̀gá mi tuntun kò mọ̀ ọ́n, ará ìlú ńlá ni. Ó ṣí i, ó dímú, ó ní kí n kọ orúkọ onílé sílẹ̀. Wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù lọ́dún náà. Ó ń wò mí bóyá màá ṣe ojúsàájú. Mo sì kọ ọ́."

"Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni?"

"Mo mọ òórùn ẹ̀gẹ́ rírẹ, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ìyá wo ni kò mọ̀ ọ́n?"

Gbogbo ọdún tí a fi ń ka gbólóhùn òfin yẹn bí ẹsẹ Bíbélì! Mo ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún wa pé ìwé òfin kò mọ ẹ̀gbọ́n, kò mọ àbúrò?"

Wọ́n ṣa èso kan nílẹ̀, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ìwé. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ẹni tó bá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí á rò pé lọ́jọ́ tí a padà dé ni Bàbá gba Akinmọ̀ọ́rín lọ. Rárá o. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi dá mi lóró. Ní gbogbo Sátidé, màá wọṣọ láti ilé ọkọ mi wá. Sátidé kan, ọyẹ́ pọ̀ jù. Òmíràn, orúnkún ń dùn wọ́n. Òmíràn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àbúrò àwọn kò sí nílé, láì bi ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ tí sùúrù mi tán, mo gba mọ́tò kan odindi, mo ní kí awakọ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé mo sì gbé bàtà wọn síwájú wọn. Mo ní, "Bàbá, obìnrin tó ń nà yín lọ́pàá lẹ dọ̀bálẹ̀ fún. Ẹ dìde." Ọ̀nà tí wọ́n gbà wò mí, bí ọmọdé ni mo bá jẹ́, ìgbátí ni.

A bá Ìyá Akinmọ̀ọ́rín lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Wọn kò gbójú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, wolé-wolé. Ìkòkò wà lẹ́yìn. Ẹ lọ wò ó."

Bàbá dúró nínú oòrùn. Wọ́n ní, "Àṣàkẹ́, mo mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ ni."

Ọwọ́ Ìyá Akinmọ̀ọ́rín dúró lórí ẹ̀gúsí. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ̀gẹ́ ni. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Mo purọ́ mọ́ ọ nítorí iṣẹ́ mi. Má bínú."

Ìyá Akinmọ̀ọ́rín ti igbá ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀. Ìyá kan náà ló kọ́ àwa méjèèjì bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ́." Wọ́n nu ojú wọn nù. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi nìkan ló gbọ́ ti kóòtù. Gbogbo Akinmọ̀ọ́rín ló gbọ́ ọ. Ẹ lọ sọ èyí náà níbi tí gbogbo wọn á ti gbọ́."

Wọn kò fún wa lómi, wọn kò fún wa níjòókòó. Nínú mọ́tò, Bàbá ní, "Obìnrin yìí le o." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ má bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, a wà ní ṣọ́ọ̀ṣì onítẹ̀bọmi wọn ní Akinmọ̀ọ́rín. Pásítọ̀ ti fún Bàbá láyè lẹ́yìn ìkéde. Wọ́n rìn síwájú nínú agbádá funfun, wọ́n mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n wúkọ́.

"Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsìn. Kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, gọ́tà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí..."

Mo di ojú mi. Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ tí ìjókòó ń dún. Mo ní nínú ọkàn mi pé bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, n kò tún ní í bá ọkùnrin yìí lọ síbì kankan mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́ fúnra wọn. Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu, ohùn ara wọn ni wọ́n ń lò, ohùn náà sì kéré. Wọ́n ní, "Mo gbé àbúrò mi lọ kóòtù. Ẹ fi í ṣẹ̀sín nílùú yìí, ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Kò ní tanwíjí lómi. Oúnjẹ ló ń ṣe fún ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Mo mọ̀, mo sì kọ orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo lẹ́gbin, kì í ṣe Àṣàkẹ́." Wọ́n kàn dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.

Láti ibi tí àwọn ìyá ìjọ jókòó sí, Ìyá Akinmọ̀ọ́rín dáhùn. Wọn kò dìde.

"Mo ti gbọ́, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ jókòó."

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀kadà ń já Ìyá Akinmọ̀ọ́rín sílẹ̀ ní Ìlọrà. Bí ẹ bá rò pé àlàáfíà ló dé, ẹ kò mọ ìdílé wa. Wọ́n jà nítorí iyọ̀ ọbẹ̀. Wọ́n jà nítorí ọdún tí ìyá wọn kú, Bàbá ní ìgbà òjò ni, Ìyá Akinmọ̀ọ́rín ní ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n jà nítorí orin ìsìn kan tí àwọn méjèèjì ti gbàgbé ìparí rẹ̀. Bí mo bá wá kí wọn, ariwo wọn kì í jẹ́ kí n gbọ́ tẹlifísọ̀n. Mo máa ń lọ jókòó sínú yàrá, màá ti ilẹ̀kùn, màá máa fapá jánú.

Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Bàbá gbé orí lé àga, wọn kò sì gbé e mọ́. A ránṣẹ́ sí Akinmọ̀ọ́rín. Ìyá Akinmọ̀ọ́rín dé kí wọ́n tó gbé òkú kúrò. Wọ́n wọlé tààrà, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ òkú sí, wọ́n tún fìlà Bàbá ṣe. Mo dúró kí wọ́n sunkún kí n lè dì wọ́n mú. Wọn kò sunkún. Wọ́n yíjú sí mi, inú ń bí wọn gidigidi.

Wọ́n ní, "Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi bínú sí wọn, Àbẹ̀kẹ́. Oṣù márùn-ún péré ni wọ́n jẹ́ kí n fi dárí jì wọ́n. Bá mi bi wọ́n, kí ló ń lé wọn?"